Àjèjì tí kò bá wọn wọlé: bí èérún àjèjì ṣe ń jáde nígbà tí pírótọ́ọ̀nù bá forí gbárí

Láti òpin oṣù Kẹfà wọ ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje ọdún 2025, ẹ̀rọ ńlá tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Swítsàlandì àti Faransé, tí wọ́n ń pè ní LHC, ṣe ohun tí kò ṣe rí. Pírótọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà máa ń mú sáré nínú rẹ̀, wọ́n á sì ya ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún kókó átọ́ọ̀mù òjé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ́síjìn ni wọ́n dà sí i, irú ọ́síjìn kan náà tí à ń mí símú. Wọ́n fi pírótọ́ọ̀nù kọlu ọ́síjìn, wọ́n fi ọ́síjìn kọlu ọ́síjìn, wọ́n sì fi níọ́ọ̀nù, gáàsì mìíràn, kọlu níọ́ọ̀nù, kí wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí mo gbà pé ó yẹ kí àwa tó ń ka Yorùbá náà mọ̀, nítorí pé ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti bi, ó sì le láti dáhùn. Báwo ni ohun tí kò sí nínú pírótọ́ọ̀nù ṣe ń jáde nígbà tí pírótọ́ọ̀nù méjì bá forí gbárí? Kí sì ló dé tó fi ń pọ̀ sí i bí èrò, ìyẹn àpapọ̀ ohun tó ń jáde, bá ṣe ń pọ̀ níbi ìforígbárí náà? Èérún ni à ń pe ohun wẹ́wẹ́ tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ; èérún àjèjì ni wọ́n ń pe ohun ọ̀hún.

Pírótọ́ọ̀nù ni kókó átọ́ọ̀mù háídírójìn. Ó tún wà nínú kókó gbogbo átọ́ọ̀mù yòókù, nínú omi, nínú irin, nínú ẹran ara wa. Kúáàkì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: méjì jẹ́ kúáàkì òkè, ọ̀kan jẹ́ kúáàkì ìsàlẹ̀. Orúkọ lásán ni òkè àti ìsàlẹ̀ yìí, kò ní í ṣe pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni gúlúọ́ọ̀nù, tó ń mú wọn bí àtè ṣe ń mú ẹsẹ̀ ẹyẹ. Irú kúáàkì kan tún wà tó wúwo ju kúáàkì ìsàlẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 20. Òun ni kúáàkì àjèjì. Lóòótọ́, a máa yọjú fìrí nínú pírótọ́ọ̀nù pẹ̀lú òdì rẹ̀, ìyẹn ìkejì rẹ̀ tó ń pa á rẹ́ nínú ìṣirò, àwọn méjèèjì á sì tún parẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀ tán, òdo ni yóò kù. Pírótọ́ọ̀nù méjì wọlé, iye àjèjì tí wọ́n gbé wá jẹ́ òdo.

LHC, tí CERN, àjọ ìwádìí físíìsì ti ilẹ̀ Yúróòpù, ń darí, jẹ́ òrùka kan tí àyíká rẹ̀ tó kìlómítà 27, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà sísàlẹ̀ ilẹ̀. Inú ìgò gáàsì háídírójìn kékeré kan ni pírótọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á mú wọn sáré títí tí wọ́n á fi máa yí òrùka náà po ní ìgbà 11,245 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Àwọn kan ń yí lọ, àwọn kan ń yí bọ̀, wọ́n á wá darí wọn pàdé. Láti oṣù Keje 2022, àpapọ̀ agbára tí méjì fi ń forí gbárí jẹ́ TeV 13.6. TeV kan kò ju agbára tí ẹ̀fọn kan fi ń fò lọ, nítorí náà ẹ̀fọn mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo agbára ẹ̀fọn mẹ́rìnlá tí a kì bọ inú ohun tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ní ìlọ́po tírílíọ̀nù kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò jọ ohun tí ojú wa mọ̀. Bí àwo tánganran méjì bá forí gbárí, àfọ́kù àwo la ó ṣà nílẹ̀. Ti pírótọ́ọ̀nù dà bí ìgbà tí àwo méjì forí gbárí, tí ìlù, ṣíbí àti ọpọ́n jáde, tí àwo tuntun sì tún wà láàárín wọn. Agbára ìsáré wọn ló di ohun tó ní ìwúwo. Albert Einstein ti fi hàn láti 1905 pé agbára àti ìwúwo lè di ara wọn, ibi ìforígbárí yìí sì ni a ti ń rí i lójoojúmọ́.

Òfin kan wà tí kì í yẹ̀ níbẹ̀: kúáàkì àjèjì kì í dá wáyé. Bí ọ̀kan bá jáde, òdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a jáde lẹ́sẹ̀ kan náà, kí àpapọ̀ lè padà sí òdo tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbé pọ̀. Kálukú á wá kúáàkì mìíràn mọ́ra. Èyí tó bá bá kúáàkì òkè kan àti ti ìsàlẹ̀ kan gbé di Lambda. Òdì rẹ̀ lè bá kúáàkì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ di káọ́ọ̀nù. Bí àjèjì méjì bá wà nínú èérún kan pẹ̀lú kúáàkì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ kan, Xi ni wọ́n ń pè é. Èyí tó jẹ́ pé àjèjì mẹ́ta ló kún inú rẹ̀ ni Omega. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Omega sọ́kàn.

Kò sẹ́ni tó ń wá èérún wọ̀nyí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yọjú. Ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Rochester àti Clifford Butler ń ya fọ́tò àwọn ìtànṣán tó ń ti òfuurufú wá, tí wọ́n ń gba ara wa kọjá tọ̀sán-tòru. Àpótí ìkùukùu ni wọ́n ń lò. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ rin fún oru ọtí líle. Bí èérún tó ní iná lára, ìyẹn iná mànàmáná, bá gba ibẹ̀ kọjá, ìrì wẹ́wẹ́ á sẹ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á sì ya fọ́tò ìlà funfun náà kó tó parẹ́. Wọ́n fi awẹ́ òjé tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 dábùú àárín àpótí. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1946, lábẹ́ òjé yẹn gan-an, ìlà méjì jáde láti ojú kan náà, wọ́n yà síra bí ẹ̀ka igi, bíi lẹ́tà V tó dorí kodò. Kò sí ìlà kankan tó ti òkè wá bá ibi tí wọ́n ti yà. Ohun kan tí kò ní iná lára, tí kò tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ló rìn dé ibẹ̀ tó sì pín sí méjì.

Oṣù Karùn-ún 1947 ni wọ́n tó rí èkejì, ìlà kan tó ṣẹ́ lójijì bí igbọ̀nwọ́. Nínú fọ́tò tó tó 5,000, méjì péré. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, lẹ́yìn náà, fún ohun tó lé ní ọdún méjì, wọn kò rí ẹyọ kan sí i ní Manchester. Mo máa ń ronú nípa ọdún méjì yẹn. O ti sọ fún gbogbo ayé pé o rí nǹkan, o ń padà sídìí àpótí lójoojúmọ́, ohun ọ̀hún kò sì yọjú mọ́. Ní 1950 ni Carl Anderson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àpótí tiwọn gun orí òkè ní California, níbi tí ìtànṣán ti pọ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tí wọ́n sì rí ohun tó lé ní ọgbọ̀n nínú irú rẹ̀. Àṣé ojú kò tan àwọn ọkùnrin Manchester jẹ.

Ìwà wọn ló sọ wọ́n ní àjèjì. Wọ́n ń wáyé ní ìrọ̀rùn, èyí tó fi hàn pé agbára líle, ìyẹn agbára tó so kúáàkì pọ̀, ló ń bí wọn. Ohun tí agbára líle bá bí, òun náà ló yẹ kó tú u ká lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èérún wọ̀nyí ń pẹ́ láyé ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po bíi tírílíọ̀nù mẹ́wàá. Ká ní ẹnì kan wà tó yẹ kó lo ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo láyé, tó wá lo ọdún 300,000, bó ṣe rí nìyẹn. Ní 1952, Abraham Pais dá a lábàá pé bóyá méjì-méjì ni wọ́n ń wáyé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Murray Gell-Mann ní Amẹ́ríkà àti Kazuhiko Nishijima ní Japan, kálukú lọ́tọ̀, sọ pé èérún wọ̀nyí gbé àmì kan lára tí agbára líle kò lè pa rẹ́. Bí wọ́n bá ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìkejì wọn, agbára líle kò rí ọ̀nà tú wọn ká mọ́. Agbára mìíràn tó lọ́ra ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ Cosmotron ní Brookhaven, lẹ́bàá New York, jẹ́rìí sí i pé méjì-méjì ni wọ́n ń jáde lóòótọ́. Ní Brookhaven náà ni wọ́n ti rí Omega àkọ́kọ́ ní 1964, lẹ́yìn tí Gell-Mann ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà.

Pípẹ́ tí wọ́n ń pẹ́ yìí náà ni a fi ń rí wọn mú lónìí. Lára àwọn ẹ̀rọ atọpasẹ̀ tó wà ní LHC, ALICE ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 10,000, ó wà ní mítà 56 sísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Saint-Genis-Pouilly, lápá ilẹ̀ Faransé. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé Omega kan nínú rẹ̀. A bí i níbi tí pírótọ́ọ̀nù ti pàdé. Ó rin sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, ó sì di Lambda kan àti káọ́ọ̀nù kan. Káọ́ọ̀nù yìí ní iná lára, nítorí náà òòfà ńlá tó yí ẹ̀rọ náà ká ń tẹ ojú ọ̀nà rẹ̀ bí ọrun. Lambda kò ní iná lára, kò tẹ ẹsẹ̀ kankan sílẹ̀. Òun náà rin ìwọ̀nba tirẹ̀, ó sì di pírótọ́ọ̀nù kan àti píọ́ọ̀nù kan (èérún fífúyẹ́ tí kò ní àjèjì nínú), tí wọ́n yà síra bíi ti fọ́tò 1946 yẹn. Ohun tó kù nílẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, láàárín ọ̀pọ̀ ìlà mìíràn.

Iṣẹ́ ọdẹ ló kù, ọdẹ tó ń tọ ẹsẹ̀ ẹran tí kì í tẹ ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà á mú ìlà pírótọ́ọ̀nù àti ti píọ́ọ̀nù, á fà wọ́n sẹ́yìn títí wọ́n á fi pàdé, á sì ṣírò ìwúwo ẹni tó bí wọn láti inú agbára àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ MeV 1,116, Lambda ni (MeV mílíọ̀nù kan ló di TeV kan, òun ni wọ́n sì fi ń wọn ìwúwo níbí). Á wá fa Lambda tí ojú kò rí yẹn sẹ́yìn lọ bá káọ́ọ̀nù. Bí ìṣirò bá bọ́ sí MeV 1,672, Omega ti wọ ọwọ́. Pírótọ́ọ̀nù tí gbogbo rẹ̀ tinú rẹ̀ wá kò ju MeV 938 lọ. Nígbà tí wọ́n tún ALICE ṣe láàárín 2019 sí 2021, wọ́n fi bílíọ̀nù 12.5 ojú wẹ́wẹ́ yí ibi ìpàdé náà ká, kí ẹsẹ̀ kankan má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Báwo wá ni ìbejì yìí ṣe ń wáyé? Díẹ̀ ń wá láti ibi tí gúlúọ́ọ̀nù méjì bá ti kọlu ara wọn tààrà. Ọ̀pọ̀ ń wá láti ara okùn. Bí òòfà méjì bá jìnnà síra, ìfà wọn á rọ̀. Ti kúáàkì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí méjì bá ń sá fún ara wọn, ńṣe ni agbára tó so wọ́n pọ̀ ń nà bí okùn, ipá tó sì fi ń fà wọ́n sẹ́yìn kì í dínkù: ó tó ẹrù tọ́ọ̀nù 16. Ẹrù ọkọ̀ ńlá, lára ohun tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ! Nígbà tí okùn bá nà débi tí agbára inú rẹ̀ tó láti bí ohun tuntun, ó já, kúáàkì kan àti òdì rẹ̀ á sì yọ níbi tó ti já. Awẹ́ okùn tó kù náà á tún máa já bẹ́ẹ̀ títí agbára á fi tán. Kúáàkì òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ná okùn ní nǹkan púpọ̀. Àjèjì wọ́n gógó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí kúáàkì òkè mẹ́wàá bá jáde, àjèjì méjì sí mẹ́ta ló máa ń jáde.

Àwọn onímọ̀ ní Lund, ní ilẹ̀ Sweden, ló gbé ìṣirò okùn yìí kalẹ̀, ó sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀: okùn kan kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí okùn kejì. Bí ìforígbárí kan bá mú èérún díẹ̀ jáde, tí òmíràn mú púpọ̀ jáde, ìdá tó jẹ́ àjèjì nínú wọn kò yẹ kó yí padà.

Òjé lọ́tọ̀ ni tirẹ̀. Bí kókó òjé méjì bá forí gbárí, ooru tó ń jáde ń lọ sókè débi tó fi lé ní ìlọ́po 100,000 ti àárín gbùngbùn oòrùn. Níbẹ̀, pírótọ́ọ̀nù àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń yọ́ bí òrí, ògiri tó há kúáàkì mọ́ á wó, kúáàkì òun gúlúọ́ọ̀nù á máa ṣàn pọ̀ bí omi kan. Pílásímà ni wọ́n ń pè é, irú ohun tó kún gbogbo àgbáyé ní ìwọ̀nba àkókò kékeré lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1982, Johann Rafelski àti Berndt Müller sọ pé bí omi yẹn bá wà, àjèjì yóò pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé nínú ooru bẹ́ẹ̀ gúlúọ́ọ̀nù á máa bí wọn fàlàlà. Wọ́n wá a, wọ́n sì rí i. Àmì omi ni gbogbo ayé gbà á sí, omi sì nílò ìkòkò ńlá. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nínú pírótọ́ọ̀nù méjì.

Èsì tí ALICE tẹ̀ jáde ní 2017 ló da ìyẹn rú. Wọ́n mú ìforígbárí pírótọ́ọ̀nù ti TeV 7, wọ́n sì pín in sí ìpele gẹ́gẹ́ bí èrò tó jáde láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Nínú fèrèsé kan náà tí wọ́n fi ń kà wọ́n, èérún tó ní iná lára jẹ́ nǹkan bí 6 bí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó kún jù, ó lé ní 20. Wọ́n wá fi iye àjèjì wé iye píọ́ọ̀nù ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí èrò ṣe ń pọ̀, ìdá àjèjì ń gòkè. Lambda àti káọ́ọ̀nù gòkè, Xi gòkè jù wọ́n lọ, Omega tó ní àjèjì mẹ́ta nínú ló gòkè jù gbogbo wọn lọ. Níbi tí pírótọ́ọ̀nù tó kún jù parí sí, ibẹ̀ ni ìforígbárí pírótọ́ọ̀nù òun òjé ti gbà á, tó sì ń gbé e lọ bá ti òjé òun òjé, bí ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò já.

Ohun tó dá mi lójú jù nínú èsì yìí ni ibi tí wọ́n ti fi pírótọ́ọ̀nù tó ń jáde wé píọ́ọ̀nù. Pírótọ́ọ̀nù náà wúwo, kúáàkì mẹ́ta ló wà nínú òun náà, ṣùgbọ́n kò ní àjèjì. Ìdá tirẹ̀ kò gòkè. A ò lè sọ mọ́ pé nítorí ìwúwo ni, tàbí nítorí pé kúáàkì mẹ́ta ló pàdé. Àjèjì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Kí ló fà á? Àwọn kan sọ pé okùn ló ń lọ́ mọ́ra. Bí okùn bá pọ̀ ní ibi tóóró, wọn kò lè dá dúró mọ́. Bí òwú tín-ín-rín tí a lọ́ pọ̀ ṣe ń di okùn tó yi, ni wọ́n ń di okùn kan tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí irú okùn bẹ́ẹ̀ bá já, agbára tó tú sílẹ̀ pọ̀ tó láti san owó àjèjì. Àwọn kan ní kì í ṣe okùn rárá, pé omi náà ni, pé ẹ̀kán rẹ̀ kékeré kan ń sẹ̀ láàárín ìforígbárí tó kún, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì jẹ́ okùn lásán. Àlàyé kẹta dà bí ọ̀rọ̀ ṣéńjì lọ́jà. Nínú ọjà tí ènìyàn mẹ́ta-mẹ́rin pàtẹ sí, bí o bá mú owó ńlá dání, kò sẹ́ni tí yóò rí ṣéńjì fún ọ, o kò ní rà. Nínú ọjà ńlá, ẹnì kan á ṣáà rí i. Òdo tí àjèjì àti òdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ni ṣéńjì náà; nínú ìforígbárí tí èrò rẹ̀ kéré, ó ṣòro láti rí, pàápàá fún Omega tó nílò òdì mẹ́ta.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ omi ló wuni jù, ṣùgbọ́n ó ní gbèsè kan lọ́rùn. Nínú òjé, èérún tó bá fi agbára ńlá gba inú omi yẹn kọjá ń pàdánù agbára, bí ẹni tó ń sáré nínú odò. Nínú pírótọ́ọ̀nù, bó ti wù kó kún tó, wọn kò tíì rí ìpàdánù yẹn kí ọ̀rọ̀ sì dájú. Àjèjì ń sọ pé omi wà, asáré ń sọ pé ẹsẹ̀ òun kò tutù.

Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti wọ̀ ọ́. Kókó ọ́síjìn ní pírótọ́ọ̀nù àti níútírọ́ọ̀nù 16, ti òjé jẹ́ 208. Ọ́síjìn méjì tó bá forí gbárí lè mú èrò jáde tó wà láàárín ti pírótọ́ọ̀nù tó kún jù àti ti òjé, ibi tí a nílò láti mọ̀ bóyá asáré náà ti ń tutù lẹ́sẹ̀ níbi tí àjèjì ti pọ̀.

Apá kejì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, pírótọ́ọ̀nù òun ọ́síjìn, dá wa padà sí ojú ọ̀run tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìtànṣán òfuurufú, tí pírótọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀, ń kọlu náítírójìn àti ọ́síjìn lókè, òjò èérún á sì rọ̀ wá sílẹ̀. Ibùdó Pierre Auger ní Ajẹntínà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ tàn ká ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 3,000 níbùú lóròó, ń ka ohun tó balẹ̀. Múọ́ọ̀nù, èérún tó jọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n tó wúwo jù ú lọ, tí wọ́n ń kà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ìṣirò sọ lọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àjèjì wà lára àwọn tí wọ́n fura sí. Bí àjèjì bá ń jáde lókè ju bí ìṣirò ṣe rò lọ, píọ́ọ̀nù tí kò ní iná lára, tó máa ń di ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á dínkù. Agbára tí ìbá bá ìmọ́lẹ̀ lọ á kù sílẹ̀ fún àwọn tó ń bí múọ́ọ̀nù.

Wọ́n ti ṣètò láti pa LHC ní 2026 fún iṣẹ́ àtúnṣe tí yóò gba ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n fọ́tò ti wà nílẹ̀, kíkà ló kù. Nígbà tí èsì bá dé pátá, Omega ni mo máa kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀: iye rẹ̀ lórí iye píọ́ọ̀nù, ti ọ́síjìn àti ti pírótọ́ọ̀nù tí èrò wọn dọ́gba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.